Ohun Tí Ojú-Tépù Rí Tí Kò Sọ

Kò sí ẹni tó ń pe obìnrin náà ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ojú-Tépù ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé bí èèyàn bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti mọ iye ínṣì tí ìbàdí onítọ̀hún jẹ́ kó tó fọwọ́ kan tépù. Yóò wo obìnrin tó ń bọ̀ lókèèrè, yóò mi orí, yóò ní, “Ẹni yìí á sọ pé méjìdínlógójì ni òun. Méjìlélógójì ni, Ọlọ́run ń gbọ́.” Bó bá sì fi tépù wọ̀n ọ́n, méjìlélógójì náà ni.

Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀, dígí tó ga tó èèyàn dúró ti ògiri, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan sì wà tí àwọn oníbàárà ti ń pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Pẹ́ńsù kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀, abẹ́rẹ́ kì í kúrò láyà bùláúsì rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé a máa sọ nígbà ayé rẹ̀ pé kò sí bí òun ṣe lè dì mọ́ ìyàwó òun tí nǹkan kan ò ní gún òun.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti fún un ní òfin kan lọ́jọ́ tó gba òmìnira: “Ojú aránṣọ á máa rí ohun tí ọkọ gan-an ò rí. Bí ojú bá rí i, kí ẹnu gbé e mì.” Ojú-Tépù ò kọ́kọ́ ka òfin náà sí. Lọ́dún àkọ́kọ́ tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó kí oníbàárà kan kú oríire oyún lójú ìyá ọkọ rẹ̀. Oyún ò sí níbẹ̀ o. Ọ̀rá ni. Obìnrin náà ká aṣọ rẹ̀ sábẹ́ apá, ó jáde, oníbàárà méje mìíràn sì tẹ̀ lé e láàárín oṣù kan. Láti ọjọ́ náà ni Ojú-Tépù ti fẹnu mọ́nu. Bí èèyàn bá sanra, yóò ní, “Aṣọ ló súnkì, kì í ṣe ẹ̀yin.” Bí èjìká kan bá ga ju ìkejì lọ, yóò fi fóòmù sábẹ́ èyí tó rẹlẹ̀, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó ni èjìká. Ohun tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ nìyẹn. Àwọn obìnrin a máa sọ pé bí o bá ti gbé ara rẹ dé ọ̀dọ̀ Ojú-Tépù, àṣírí rẹ bò.

Onígbàgbọ́ ni. Ó gba Ọlọ́run gbọ́ bí èèyàn ṣe gba ilẹ̀ gbọ́ tó fi ń gbé ẹsẹ̀ lé e láìwò. Òun ló ń ṣáájú àdúrà àwọn obìnrin nínú ìjọ ní ọ̀sán Ọjọ́rú, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn láti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹni kan ṣoṣo tó lè sọ̀rọ̀ sí i bó ṣe wù ú ni Tíṣà. Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí wọ́n ti ń bára wọn bọ̀. Tíṣà gbé síkẹ́ẹ̀tì wá nígbà náà pé kó bá òun gé e kúrú. Ó wo pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù, ó rí i pé wọ́n ṣi lẹ́tà méjì kọ, ló bá yọ ṣọ́ọ̀kì nínú báàgì, ó tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Inú bí Ojú-Tépù.

“Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?”

“Olùkọ́ kíláàsì kejì ni mí. N kì í lè kọjá lára àṣìṣe.”

Bí wọ́n ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ọkọ Ojú-Tépù kú, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni Tíṣà fi sùn tì í. Nígbà tí Tíṣà bí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ojú-Tépù ló rán aṣọ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà wọ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè ohun tí wọ́n jẹ́ síra wọn, “Ọmọ ìyá ni wá” ni wọ́n máa ń sọ, ẹni tó sì béèrè á máa wá ibi tí ojú wọn ti jọra.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà wá wọn aṣọ kan. Ilé ìwé fẹ́ fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí pé ó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ, ó sì fẹ́ gáùn aláwọ̀ búlúù. Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó bọ́ bùláúsì, ó sì bọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

“Kí lo ń bọ́ra sí?” ni Ojú-Tépù wí. “Ìgbà wo ni mo ti ń wọ̀n ọ́ níhòòhò?”

“Ooru ń mú mi.”

“Nínú òtútù yìí?”

“Wọ̀n mí jàre, kí n máa lọ. Ìwé ogójì ọmọ wà nílẹ̀ tí n kò tíì máàkì.”

Ó fi tépù yí i ká. Nígbà náà ló rí i. Ọmú òsì ti fi bí ààbọ̀ ínṣì ga ju ti ọ̀tún lọ, awọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì sún jọ, ó wọnú díẹ̀, bí aṣọ ṣe máa ń sún jọ nígbà tí òwú ẹ̀rọ bá le jù. Kò sí aránṣọ tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lára aṣọ: nǹkan kan wà lábẹ́ tó ń fà á. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé ojú sókè, ojú òun àti ti Tíṣà sì pàdé nínú dígí.

“Kí lo rí?” ni Tíṣà bi í, bí ẹni tó ń ṣeré.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó rántí oníbàárà tí oyún rẹ̀ di ọ̀rá. Ó rántí ọ̀gá rẹ̀. Ó gbé e mì.

“Mo rí ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì jù,” ó ní. “Gbé apá sókè.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rán gáùn náà. Ó sún dáàtì òsì sókè, ìyẹn ìṣẹ́po ṣóńṣó tí àwọn aránṣọ máa ń rán sábẹ́ ọmú kí aṣọ lè jókòó. Ó gé fóòmù pẹlẹbẹ kan, ó fi dí ibi tó wọnú, ó sì fi aṣọ inú bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí Tíṣà gun orí pèpéle lọ́jọ́ ẹ̀yẹ, kò sí ojú tó lè sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan yàtọ̀ sí ìkejì. Àwọn èèyàn ń béèrè ẹni tó rán an. Ojú-Tépù jókòó ní ìlà kẹta, ó ń pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká má purọ́: inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Oṣù méje kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ilé ìwé parí, Tíṣà wọ ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí àpótí, ó ní, “Ọmọ ìyá mi, dá ẹ̀rọ yẹn dúró ná.”

Ó dá a dúró.

“Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Jẹjẹrẹ ọmú.”

“Ti òsì?”

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Tíṣà gbé ojú lé e. Báàgì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí báàgì.

“Ta ló sọ fún ọ pé ti òsì ni?”

“Mo kàn… mo kàn béèrè ni. Ṣebí méjì ló wà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Tíṣà wí. “Méjì ló wà.”  Ó mí kanlẹ̀. “Dókítà ní ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ní ká ní mo tètè wá ni, ibi kékeré ni wọn ì bá gé. Ní báyìí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa gé kúrò, wọn á sì máa fa oògùn sí mi lára lẹ́yìn náà. Ó ní ìtọ́jú wà o. Kò sọ pé kò sí.”

Ojú-Tépù dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń sọ pé Ọlọ́run ò ní gbà. Ṣùgbọ́n bó ṣe dì mọ́ ọn, apá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń yẹra fún ẹ̀gbẹ́ òsì.

Àìsàn náà ò dúró sára ẹnì kan. Àbúrò Tíṣà, tí kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan lọ láìwá, kò wá mọ́. Ó ní òun ò lè fojú òun rí i. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọra bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tuntun. Aládùúgbò kan wá kí i, ó sì gbé ife tirẹ̀ wá látilé, kó má baà fi tiwọn mu omi. Tíṣà rí ife náà, ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ràn. Bó bá ń ràn ni, ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa ni ǹ bá kọ́kọ́ kó o ràn.”

Ọkọ Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè ní Káfíńtà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ìṣó ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó gbọ́, ó wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fá pákó kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí tí pákó náà fi tín-ín-rín tí kò wúlò fún nǹkan kan mọ́. Kò mọ ẹni tí yóò bínú sí. Bí ọkùnrin ò bá sì rí ọ̀tá níta, ilé ni yóò ti wá a.

Ó rí i. Ọmọ wọn obìnrin, ẹni ogún ọdún, wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Kó tó parí rárá ni wọ́n ti ń pè é ní Nọ́ọ̀sì. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tó wálé fún ìsinmi, ìyá rẹ̀ sọ fún un lórí àwo oúnjẹ pé ọmú òun wúwo díẹ̀. Ọmọ náà ní, “Ọjọ́ orí ni, Mọ́mì. Ẹ máa fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́.” Kò ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Ìyá rẹ̀ náà ò fi hàn án. Nígbà tí Káfíńtà gbọ́ èyí, ó gbá ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni tó ń rì sómi ṣe ń gbá ewéko mú.

“Kò jẹ́ kí ọmọ náà mí,” ni Tíṣà sọ nínú ṣọ́ọ̀bù. “Ọmọ náà ò jẹun mọ́. Ó ní òun fẹ́ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, pé ẹni tí kò rí ti ìyá rẹ̀, ti ta ni yóò rí?”

Abẹ́rẹ́ gún Ojú-Tépù níka. Ó ki ìka náà bẹnu, kó má baà sọ nǹkan kan.

Ó ní àwíjàre o. Kì í ṣe dókítà. Kò mọ orúkọ ohun tó rí. Ara ènìyàn a sì máa yí padà. Ó ti rí ọmú onírúurú lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn. Ó ka àwíjàre wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka bọ́tìnnì, gbogbo wọn pé, kò sì sí èyí tó lè so aṣọ pọ̀. Ó mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí tépù. Ọwọ́ kì í dúró fún ohun tí kò sí.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n ní kó gbàdúrà fún Tíṣà. Ó gbà á, ohùn rẹ̀ sì dùn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó ké sókè pé, “Ìwọ tí ó rí ohun ìkọ̀kọ̀, tú àṣírí àìsàn yìí!” Bó ṣe sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àṣírí wo ló kù? Ta ni wọ́n tú u fún? Ó dà bí olè tó gba àtùpà, tó ń ṣáájú àwọn tó ń wá olè. Àwọn obìnrin ń ṣe àmín, wọ́n ń sunkún. Nígbà tí wọ́n parí, ọ̀kan nínú wọn fà á lọ́wọ́, ó ní, “Àdúrà yín gbóná lónìí, Mà. Ẹ̀mí wà níbẹ̀.”

Ó gba ọ̀nà ilé lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Ó ti ń bá Ọlọ́run jà nínú ara rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pé kí ló dé tí kò kìlọ̀ fún Tíṣà, ẹni tí kì í kọjá lára àṣìṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé Ó kìlọ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ojú tí gbogbo ayé fi ń yìn ín yìí ni Ó fi kìlọ̀? Kò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì: pé Ọlọ́run dákẹ́, tàbí pé Ó sọ̀rọ̀, tí òun sì fi aṣọ inú bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ní ìgbà mìíràn ó máa ń wù ú kó jẹ́ pé kò sí ẹni kankan lókè tó rí òun. Nígbà tí èrò yẹn bá dé, ẹ̀rù á bà á, á sáré bẹ̀rẹ̀ orin, kò sì ní lè kọ ọ́ parí.

Ó rán aṣọ ìsùn kan tó ṣí níwájú, èyí tí Tíṣà lè wọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì gbé e lọ fún un lọ́jọ́ kejì. Ohun tó fẹ́ sọ wà lẹ́nu rẹ̀ láti ilé. Tíṣà ń máàkì ìwé lórí ibùsùn.

“Ọmọ ìyá mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ.”

Tíṣà fi bírò sílẹ̀. “Sọ ọ́.”

“Ó… bọ́tìnnì rẹ̀ ni. Ṣé kó tóbi ni, àbí kó kéré?”

“Bọ́tìnnì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Tíṣà wò ó títí, ó sì mú bírò rẹ̀. “Kó tóbi. Apá mi ò ní lè ṣe kékeré.”

Ojú-Tépù bú ara rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ojo ni òun. Ó ní òun kì í ṣe èèyàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìjọsìn, ó yà sílé Tíṣà pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ ohùn Káfíńtà, ohùn tí kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ní. Nọ́ọ̀sì wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín pálọ̀. Ó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́ lóòótọ́. Àpótí rẹ̀ wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n fi okùn dì í. Bàbá rẹ̀ di ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀ mú, ó ń fì í.

“Kí ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀? Ṣàlàyé fún mi! Ìyá rẹ ní ọmú òun wúwo, o ní kó fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́! Ṣé ọrùn ló rọ́ ni?”

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Bàbá Nọ́ọ̀sì, ó tó,” ni Tíṣà wí láti orí àga. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

“Kò tó! Òun ló kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, òun ló…” 

“Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ mọ̀,” ni Ojú-Tépù wí lẹ́nu ọ̀nà.

Gbogbo wọn yíjú sí i. “Ẹ má dá sí i, ẹ jọ̀ọ́,” ni Káfíńtà wí. “Ẹ̀yin lẹ máa ń gbè é lẹ́yìn láti kékeré.”

“N kò gbè é lẹ́yìn. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo wọn gáùn búlúù, mo fojú mi méjèèjì rí i. Mo rí bó ṣe sún jọ, mo rí bó ṣe wọnú. N kò sọ ọ́. Mo sún dáàtì, mo fi fóòmù dí i, mo wá jókòó sáàárín yín, mo ń pàtẹ́wọ́.”

“Ẹ rí i?”

“Mo rí i.”

“Oṣù kẹjọ rèé!”

“Oṣù kẹjọ rèé.”

 Káfíńtà wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ó gbé e lé orí àpótí ọmọ rẹ̀, ó rọra tún un tò kó má baà jábọ́, ó sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Wọ́n dúró kí wọ́n gbọ́ ìró ọ̀bẹ ìfápákó. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

“Mo ti ń dúró dè ọ́,” ni Tíṣà wí.

“O mọ̀?”

“Láti ọjọ́ tí o ti ní ‘Ti òsì?’ Ìwọ náà, ṣé o rò pé ọmọ kíláàsì kejì ni mí?” Ó tún ara rẹ̀ gbé lórí àga. “Láti ọdún méjìlélógún, ìgbà wo ni mo bọ́ra sílẹ̀ níwájú rẹ rí? Lórí aṣọ lo máa ń wọ̀n mí. Ọmọ ìyá mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ gáùn yẹn ni mo ti ń fọwọ́ kan nǹkan náà ní ilé ìwẹ̀. Ẹ̀rù dókítà ń bà mí. Mo wá ní, jẹ́ n gbé e lọ bá Ojú-Tépù. Bó bá rí i, á sọ, mà á sì lọ. Bí kò bá rí i, a jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo bi ọ́, ‘Kí lo rí?’ O ní búrẹ́dì. Mo délé, mo sùn. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sùn dáadáa.”

Ojú-Tépù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Ó wù ú kí ilẹ̀ là, kó gbé òun mì. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, ohun tó ń tijú ni pé òun dákẹ́. Kò mọ̀ pé òun dáhùn.

“Dárí jì mí,” ó ní.

“N kò tíì lè ṣe é. N kò ní purọ́ fún ọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo lẹ́bi tèmi náà; ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí, mo sì lẹ́sẹ̀ tí mo lè fi rìn dé ilé ìwòsàn. Mo tún jẹ́ kí ọmọ yìí máa kúnlẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu rẹ jáde. Ọlọ́run á bi mí. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ tìẹ di kékeré.”

Nọ́ọ̀sì dìde. Ó wá síbi tí Ojú-Tépù jókòó sí, ó tún kúnlẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Àǹtí,” ó ní. “Ẹ ṣeun gan-an.”

Kò sí ẹ̀gàn kankan nínú ohùn rẹ̀. Ẹrù wúwo kan ló kúrò lórí rẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e kúrò. Ì bá sàn fún Ojú-Tépù ká ní ó gbá a létí.

“Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi,” ó ní. “Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má dúpẹ́.” Ó ń fi ọwọ́ lé e sẹ́yìn bí ẹni tó ń lé iná.

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ní kí n wá,” ni Tíṣà wí, bí ẹni pé kò gbọ́ wọn. “Nọ́ọ̀sì ló máa bá mi wọlé. Ìwọ wá gbé báàgì.”

“Kí n wá?”

“Mo ní kí o wá gbé báàgì. N kò ní kí o wá gbàdúrà.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Káfíńtà sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbà á wọlé. Ó dúró ti ọmọ rẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. “Èmi fúnra mi ni mà á gbé àpótí rẹ padà sí ilé ẹ̀kọ́,” ó ní. “Ìdè rẹ̀ kan ti yẹ̀. Mo ti kàn án.” Ọmọ náà ní, “Ẹ ṣé, Dádì.” Bàbá kan wà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé má bínú, bó ṣe sọ tirẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn, ó ń rùn bí oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀. Bẹ́ǹṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àwọn obìnrin sì jókòó sórí wọn, nọ́ńbà lọ́wọ́ oníkálukú. Ojú-Tépù gbìyànjú láti má wò wọ́n. Ojú rẹ̀ ń wò wọ́n fúnra rẹ̀, ó ń wọ̀n wọ́n; kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Èyí tó jókòó ní ìparí ti dí ẹ̀gbẹ́ kan bùláúsì rẹ̀, ẹni tó bá a rán an ò sì mọ iṣẹ́.

Wọ́n pe nọ́ńbà Tíṣà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù.

“Ta ni èyí tó tẹ̀ lé yín?”

“Ọmọ mi ni.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé báàgì ńkọ́, Mà? Ṣé ẹ̀gbọ́n wọn ni yín?”

Ojú-Tépù la ẹnu. Ọdún méjìlélógún ni èsì ìbéèrè yẹn ti wà lẹ́nu rẹ̀, kò wá a rí. Lọ́jọ́ náà kò jáde.

Tíṣà ò bojú wẹ̀yìn. “Aránṣọ mi ni,” ó ní.

Nọ́ọ̀sì àgbà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó wo ojú ọ̀kan, ó wo ojú ìkejì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà àti ọmọ rẹ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn tì. Ojú-Tépù padà sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì náà lé itan. Ó pa ojú dé. Ó wá àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ní Ọjọ́rú, àwọn ọ̀rọ̀ dídùn tó ń mú àwọn obìnrin sunkún, kò rí ọ̀kan nínú wọn. Kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ń gbọ́. Ó ṣáà sọ èyí tó mọ̀ pé òótọ́ ni.

“Olúwa,” ó ní, “mo rí i.”

Kò rí nǹkan mìíràn tí yóò fi kún un. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń dúró.